Owó-Orí Mi Tó Padà Wálé

Òórùn ọṣẹ àti ti aṣọ gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá ronú kan Spandau. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ni mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ìlú Berlin. Èmi àti obìnrin ará Poland kan la jọ máa ń ká aṣọ. Òun á di etí kan mú, èmi á di etí kejì mú, a ó nà án, a ó ká a, a ó tún mú òmíràn. Ooru ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé yìnyín ń bọ́ níta. Owó-oṣù mi kò tó nǹkan, síbẹ̀ ìjọba ń yọ owó-orí nínú rẹ̀ bí ẹni pé ìyàwó olówó ni mí. Mo máa ń wo ohun tí wọ́n yọ, inú á bí mi, màá ká ìwé náà sínú báàgì. N kò mọ̀ nígbà náà pé èèyàn lè béèrè owó bẹ́ẹ̀ padà.

Alàgbà ìjọ wa ló là mí lójú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Spandau, ó ń ta gàrí, iṣu, èlùbọ́ àti epo, ó sì tún máa ń kó ẹrù àwọn èèyàn sínú kọ̀nténà lọ sí Èkó. Nígbà tí èmi àti ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, pálọ̀ rẹ̀ la sùn sí títí tí mo fi rí yàrá. Nítorí náà, kò sí ohun tí Alàgbà sọ tí n kì í gbà. Bó bá ní ilẹ̀ ti ṣú lọ́sàn-án gangan, èmi á dìde lọ tan iná. Òun ló sọ fún mi pé bí èèyàn ò bá ṣiṣẹ́ pé ọdún, Finanzamt tó ń gba owó-orí lè dá lára rẹ̀ padà. Lóòótọ́, iṣẹ́ ilé ìfọṣọ náà ti tán mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọdún. Arákùnrin kan nínú ìjọ bá mi kọ ìwé náà. Nígbà tó kan nọ́ńbà àkáǹtì, mo ti pa tèmi dé nítorí mò ń kó lọ sí Hamburg. Alàgbà ní kí wọ́n kọ tòun sí i, pé tó bá ti dé, òun á fún mi. Láàárín wa, kò sóhun tó kọjá bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba owó lórí àkáǹtì ẹlòmíì rí, ta ló sì máa ń bi àgbàlagbà ní rìsíìtì?

Yàrá kan ni èmi àti ọmọ mi gbà ní Lurup, àdúgbò kan ní Hamburg. Mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán nílé kí n tó wá, mo sì ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí mo rà lọ́jà àlòkù rán aṣọ fún àwọn ará ìjọ. Obìnrin kan tó ń ṣe irun ní Jenfeld, àdúgbò mìíràn níbẹ̀, rí iṣẹ́ mi, ó ní igun kan ṣófo lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù òun, pé tí mo bá ní ẹ̀rọ gidi kí n máa bọ̀. Bí ẹni pé wọ́n jọ pàdé sọ ọ́, bàbá òyìnbó kan tó jẹ́ télọ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ pa pọ̀. Mo lọ wò wọ́n. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ ńlá náà, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ara mi sì bù máṣọ. Bàbá náà ní òun á fi dè mí díẹ̀, àmọ́ òun ò lè fi dè mí títí. Owó-orí mi nìkan ló kù tí n ó fi kó wọn.

Mo ń pe Alàgbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, ohùn rẹ̀ á tutù bí omi. "Wọn ò tíì san án, ọmọ mi. Finanzamt ò kí ń kánjú." Èmi náà á ní ẹ ṣé sà, màá gbé fóònù kalẹ̀, màá tún máa gbàdúrà fún àwọn òṣìṣẹ́ Finanzamt pé kí Olúwa fún wọn lókun. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gbàdúrà fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ wọn parí! Nígbà tí owó ilé wọ̀ mí lọ́rùn, mo gba ọ̀dọ̀ Amt lọ, àwọn tó ń fún aláìníṣẹ́ lówó, láti béèrè Hartz, owó ìrànwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ojú tì mí o. Lẹ́yìn ìyẹn ni Alàgbà tó fi owó-orí náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi tuntun. Èmi àti ọmọ mi jó yí yàrá náà ká títí ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà rẹ̀.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà Amt fi dé. Wọ́n ní owó tó ń wọlé ni owó-orí tí wọ́n dá padà fún mi, pé àwọn á yọ ọ́ nínú owó ìrànwọ́ mi títí yóò fi tán, kí n má sì ná an sí nǹkan mìíràn. Mo ka lẹ́tà náà, mo tún un kà. Mo wọ kóòtù mi, mo gba ibẹ̀ lọ. Mo jókòó níwájú akọ̀wé tó ni fáìlì mi, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, mo sì fi èdè Jámánì mi tó ń tiro bi í léèrè pé: "Ìjọba yọ owó yìí lára mi, ìjọba rí i pé ó pọ̀ jù, ó dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún jẹ́ ìjọba, ẹ tún fẹ́ gbà á. Ọwọ́ mélòó lẹ ní?"

Obìnrin náà kò bínú. Ó ní bí òfin ṣe rí nìyẹn: ohun tó bá wọlé lẹ́yìn tí èèyàn ti béèrè ìrànwọ́, owó tó ń wọlé ni, ohun tó bá ti wà nílẹ̀ ṣáájú, tí kò bá ti pọ̀ jù, ohun-ìní onítọ̀hún ni, àwọn kì í fọwọ́ kàn án. Ó bi mí pé ọjọ́ wo gan-an ni Finanzamt sanwó náà. N kò mọ̀. Mo lọ fi fóònù pe Finanzamt ní Berlin. Ọkùnrin tó gbé e sọ ọjọ́ náà fún mi, ó sì ti lé ní oṣù kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ Amt. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Gbogbo àsìkò tí Alàgbà ń sọ pé Finanzamt ò kí ń kánjú, ó ti fi owó mi kó kọ̀nténà, owó ọ̀hún ti wà lórí òkun. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọkún.

Nígbà tí mo padà sọ fún akọ̀wé náà, ó ní ohun tó kù ò le. Kí ẹni tó ni àkáǹtì yẹn kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti ọjọ́ tí owó ti dé lòun ti ń bá mi tọ́jú rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ó tilẹ̀ bá mi kọ gbólóhùn náà sórí ìwé. Mo pe Alàgbà.

"Èmi? Kí n fọwọ́ sí ìwé fún Amt?" ni Alàgbà wí. "Kí wọ́n wá máa wo àkáǹtì mi? Rárá o. Fún wọn lówó wọn, my daughter. Olúwa á fi ìlọ́po rọ́pò rẹ̀."

"Owó wọn kọ́, sà," ni mo wí. "Owó mi ni."

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Mi ò dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn ìyá ìjọ ti ń pè mí láti Berlin. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, ṣé mo ti gbàgbé pálọ̀ tí mo sùn sí ni? N kò gbàgbé, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo sọ fún wọn pé màá dúpẹ́ pálọ̀ yẹn títí mo fi máa kú, ṣùgbọ́n pálọ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Berlin ní Sátidé, nítorí mo mọ̀ pé Sátidé ni ṣọ́ọ̀bù náà máa ń kún. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin U7 dé Spandau. Nígbà tí mo wọlé, àwọn obìnrin ń ṣa iṣu, Alàgbà wà nídìí káńtà. Mo ní ẹ káàárọ̀ sà, mo sì fi orúnkún mi méjèèjì kúnlẹ̀ lórí táìsì tútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ẹ̀wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. "Dìde, ọmọ mi, dìde." N kò dìde. Ó tún un sọ. Mo yọ ìwé náà, mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì.

"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, sà, n ó dìde."

Ó yíjú sí oníbàárà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mú epo ní láti yà fún mi. Wọ́n ń bi mí pé kí ló dé, mo ní Alàgbà ni mò ń bẹ̀. N kò rojọ́, n kò gbé ohùn sókè, n kò sọ ohun tó ṣe. Ọmọ kékeré kan fa aṣọ ìyá rẹ̀: "Mama, warum kniet die Frau?" Ó ń fi Jámánì béèrè ìdí tí mo fi kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́, àmọ́ òun náà ò lọ mọ́, ó fẹ́ rí ibi tí yóò já sí. Ẹnì kan ní, "Alàgbà, ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn." Òmíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Orúnkún mi ti kú, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún ara mi pé bí wọ́n bá máa ti ṣọ́ọ̀bù náà, wọn ó tì í mọ́ mi nínú ni.

Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn, Màmá tó fún mi ní bùláńkẹ́ẹ̀tì lálẹ́ tí a dé. Ó wò mí. Ó mú ìwé náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó kà á, nítorí òun ló gbọ́ Jámánì jù nínú àwọn méjèèjì.

"Bàbá, ṣé owó ọmọ yìí ti wà lọ́wọ́ yín látìgbà tá à ń kó kọ̀nténà?"

Màmá gbé bírò lé káńtà níwájú rẹ̀. "Ẹ fọwọ́ sí i. Mi ò lè máa tajà lórí ọmọ ọlọ́mọ."

Ó fọwọ́ sí i. Bó ṣe ń nà án sí mi, ó ní, "O dójú tì mí." Mo ní ẹ ṣé sà. Mo di àpò ẹ̀wà mú kí n tó lè dìde, mo sì padà sínú bọ́ọ̀sì.

Akọ̀wé náà gba ìwé ọ̀hún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Amt kọ̀wé pé ohun-ìní mi ni owó-orí náà. Mo ra àwọn ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ bàbá òyìnbó, mo kó wọn lọ sí Jenfeld, mo sì rán aṣọ títí èmi fúnra mi fi kọ̀wé sí Amt pé kí wọ́n má san Hartz fún mi mọ́. Mo gbádùn lẹ́tà yẹn ju gbogbo ohun tí mo ti kọ rí lọ. Alàgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi padà sí Nàìjíríà, ó sì dùn mí, n kò ní purọ́.

Mo ṣì wà ní Jenfeld, ṣọ́ọ̀bù ti ara mi ni mo wà báyìí. Ọmọ mi ti dàgbà. Títí di òní, bí àwọn ará Berlin bá wá ránṣọ, mo máa ń gbọ́ pé èmi ni obìnrin tó dójú ti àgbàlagbà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. N kò bú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn, n kò pe ọlọ́pàá. Mo kúnlẹ̀ kí àgbà bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, n kò kàn dìde lọ́wọ́ òfo ni. Orúnkún ọ̀hún ti ń dùn mí báyìí, pàápàá nígbà òtútù, dókítà sì ní kí n má fi kúnlẹ̀ mọ́. Mo ti sọ fún un pé ó sinmi lé ẹni tí owó mi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.