Kókó Inú Òwú Ìsàlẹ̀

Nígbà tí orí mi ò tíì ga kọjá tábìlì maṣínì, iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù Tàǹtí ni kí n máa wé òwú. Tàǹtí ni àbúrò ìyá mi. Aránṣọ ni, ní Ṣábẹ níbí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tó àádọ́ta ọdún bíi tèmi ẹ ó rántí maṣínì dúdú tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nì, tó ń dún bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà sísun. Òwú méjì ló ń lò. Ọ̀kan ń bọ̀ láti òkè, ó ń gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Èkejì wà nísàlẹ̀, lára irin róbótó kékeré tí à ń pè ní kanẹ́ẹ̀tì. Ti ìsàlẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kì í rí i títí yóò fi tán, tàbí títí yóò fi dá wàhálà sílẹ̀.

Wíwé rẹ̀ kì í ṣe eré. Mo máa ń fi kanẹ́ẹ̀tì sí ẹnu kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣínì, n ó máa yí i, n ó sì fi ìka méjì di òwú mú kó má baà dẹ̀. Òwú á máa gbóná, á sì máa gé ìka. Bí mo bá parí, Tàǹtí á fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò. Bí èékánná bá rì, mo tún un wé nìyẹn, àwọn mẹ́ta yòókù tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ á sì ti jẹ ẹ̀wà àbọ̀bọ̀ dé ìdí àwo kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, a máa ń fi kanẹ́ẹ̀tì òfìfo ta òkòtó lórí sìmẹ́ńtì. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fìdí rẹmi.

Òfin méjì ni Tàǹtí kì í fi ṣeré. A kò gbọdọ̀ ta òwú kanẹ́ẹ̀tì ní kókó, a kò sì gbọdọ̀ fi òwú ṣòfò. Ẹni tó bá ju òwú nù á kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri, nígbà míì ẹgba á tẹ̀ lé e. Ó máa ń wí pé, "Òwú tí o jù nù lónìí, ìhòòhò ẹnì kan ni lọ́la." Òfin méjèèjì yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn rẹ́. Bí òwú bá tán lọ́wọ́ wa kí kanẹ́ẹ̀tì kan tó kún, ìyà ni títú u jẹ́, ìyà sì ni gbígbé èyí tí kò kún wá. Nítorí náà, bí a bá ń rán kàkí àwọn ọmọ ilé-ìwé, gbogbo wa la máa ń ta kókó ní kọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, obìnrin kan ti Kábúà wá. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà òjò. Ó kó ìró mẹ́ta tí ìyá náà fi sílẹ̀ wá, pé kí Tàǹtí gé wọn, kó so wọ́n pọ̀, kó fi kúbusù ògbólógbòó sí àárín, kó sì rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra ní ìlà ìlà di aṣọ ìbora kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé wọn, kí àwọn ọmọ má baà pín aṣọ ìyá wọn kiri. Ó ní kí a rọra, pé òun kò ní òmíràn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò ní lọ títí a ó fi parí.

Tàǹtí ní kí n wé kanẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ìkẹta kò tíì dé ìdajì tí òwú funfun fi tán. Mo ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ náà nítorí òwú. Mo mú òwú tuntun, mo ta ẹnu méjèèjì ní kókó, mo fi eyín gé ìrù rẹ̀, mo sì wé òwú bò ó. Èékánná Tàǹtí tẹ̀ ẹ́, kò rì. Ó ní ọwọ́ mi ti ń mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan.

Ìgbà tó fi kanẹ́ẹ̀tì kẹta sí maṣínì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà. Mo mọ̀ pé kókó ń bọ̀. Lórí kàkí, maṣínì lè kàn húkọ́ lẹ́ẹ̀kan kó kọjá. Lórí aṣọ onípele mẹ́ta, ó lè há, kó sì fa aṣọ òkú ya. Ohun tó yẹ kí n sọ kò pọ̀. Mo wo ẹgba tó wà lórí ìṣó, mo wo obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo dákẹ́. Mo kàn ń sún mọ́ maṣínì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé bí mo bá tẹjú mọ́ kókó náà, á bẹ̀rù mi.

Ní ìlà kẹsàn-án, maṣínì dún gbì, abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Ìdajì rẹ̀ fò, ó gún mi lábẹ́ ojú ọ̀tún, kò ju ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan lọ sí ẹyinjú. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú náà, mo sì gbà pé mo ti fọ́jú. Tàǹtí gbá mi lórí mú, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi, ó ní kí n ka ìka òun. Mo ní méjì. Méjì ni lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà ló yọ kanẹ́ẹ̀tì, tó sì rí kókó. Mo ń retí ẹgba. Kò wo ibi tí ẹgba wà rárá.

"Òwú ni mo ní kẹ́ ẹ má fi ṣòfò," ó ní. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ojú yín rọ́pò rẹ̀?"

Aṣọ náà ti ya ní ìwọ̀n ọmọ ìka kan. Òun fúnra rẹ̀ gbé e lọ bá obìnrin ará Kábúà, ó ní àṣìṣe òun ni. Obìnrin náà fi ìka tọ ojú ibi tó ya. Ó ní kí a rán an padà, pé ìyá òun kò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú, bó bá jẹ́ ìyá náà ló rán an, ìbá fà á ya ju báyìí lọ. A rẹ́rìn-ín, èmi náà, pẹ̀lú àkísà lójú.

Ó ti pẹ́. Àpá náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, àfi fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń fi ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí mo bá ń ránṣọ, mo sì ń lo awò ojú tí dókítà kankan kò ní kí n lò.

Lónìí, mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Maṣínì iná la ń lò. Oníṣòwò kan tó ti Nàìjíríà wá ń ta kanẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti wé láti ilé iṣẹ́, òwú kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni mo máa ń rà fún aṣọ ìbora onípele. Àbẹ̀kẹ́ kò fẹ́ ẹ. Ó ní funfun àti dúdú nìkan ló wà, pé òwú rẹ̀ tín-ín-rín, pé ó máa ń yọjú lára aṣọ aláwọ̀, pé ẹni tó bá wé tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á fi òwú kan náà sókè sísàlẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ó máa ń wí fún àwọn oníbàárà pé, "Màmá mi ń fowó ra ìfọ̀kànbalẹ̀ ni." Òótọ́ nìyẹn náà. Mi ò bá a jiyàn, mo ń ra tèmi lọ.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, kanẹ́ẹ̀tì rírà tán nílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù. Mo mú ọ̀kan nínú èyí tí Àbẹ̀kẹ́ wé, mo fi í sí i. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ nígbà tó gbójú sókè nídìí aṣọ tó ń gé.

"Màmá, ẹ dúró. Mo ta kókó kan sí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wé òmíràn fún yín."

Ojú oníbàárà ló ti sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé omi ti hó lórí iná. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Mo yọ kanẹ́ẹ̀tì náà, mo nà án sí i.

Mo gbà pé òwú ayé ìgbà náà le ju ti ìsinsìnyí lọ. Maṣínì ìgbà náà ń pẹ́, ti òní ń bàjẹ́ kíákíá. Àwa gan-an mọ iṣẹ́, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́rin tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù Tàǹtí, kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè sọ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ yẹn.