Mo Lọ Wo Orí Kejì ní Kabawa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá mi máa ń sọ, tí mo sì máa ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ kó tó yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tẹ́ káàdì èsì ìdánwò mi sórí itan rẹ̀, ó ti wọ awò ojú rẹ̀, ó ti rí ibi tí wọ́n kọ ipò mi sí. Á gbójú sókè. Á ní, "Ìkejì. Ó dáa. Ẹni tó ṣe ìkíní ńkọ́, ṣé orí méjì lòun ní?"

Kí ni ọmọ fẹ́ fi fèsì irú ìbéèrè yẹn? Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé ọ̀lẹ ni mí. Mo máa ń ní, "Rárá, sà," màá sì wolẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, ọmọ Yagba, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í na ọmọ. Lokongoma, ní Lokoja, là ń gbé. A ní iná, a ní omi, tíṣà kan sì ń wá kọ́ mi ní ìṣirò nílé ní gbogbo Sátidé. Gbogbo ohun tí ọmọ fi ń gba ipò kìíní ló wà nílé wa, àfi ipò kìíní fúnra rẹ̀.

Nílé ìwé wa, ipò ló ń pín ìjókòó. Tíṣà tó ni kíláàsì wa, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín títí a ó fi jáde, ló mú àṣà náà wá. Bí èsì bá ti jáde, gbogbo wa á gbé báàgì. Ẹni tó ṣe ìkíní á jókòó síwájú lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ìkejì á jókòó tì í, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ògiri tí oòrùn ń yan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru Lokoja, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n sọ fún un pé ó ti já wálẹ̀, àágùn á sọ fún un.

Odindi ọdún kan ni mo fi jókòó ti ọmọbìnrin tó ń ṣe ìkíní. Torí ipò kìíní yẹn, Fọ́ọ̀sì ni gbogbo kíláàsì ń pè é. Ọmọ Oworo ni, láti abúlé kan lápá Agbaja, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní àdúgbò Kabawa nílùú wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò wo pátákó tó bí mo ṣe ń wò ó. Bó bá parí iṣẹ́ kí n tó parí, màá sáré parí tèmi láì tún un yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá dá ìwé padà, tirẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yọjú wò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ìlara ni. Ìsapá ni mò ń pè é nígbà yẹn.

Mo wá ṣàkíyèsí pé ojú rẹ̀ máa ń pọ́n láràárọ̀, èéfín sì máa ń rùn lára aṣọ rẹ̀. Háà! Ó yé mi. Àtùpà ni! Ọmọ yìí kì í sùn, ìdí àtùpà ló ń wà títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Mo ti mọ ibi tí orí kejì wà.

Ẹ wá wo ọgbọ́n ọmọ Lokongoma. Mo ní kí ìyá mi ra àtùpà elépo fún mi. Iná wà o! Ìyá mi wo gílóòbù lókè, ó wò mí, ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní fún ìwé kíkà ni. Ó rà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìdájí, màá pa iná, màá tan àtùpà, màá máa ka bàyọ́lọ́jì nínú èéfín. Ojú mi pọ́n lóòótọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn nígbà tí mo rí i nínú díńgí. Àmọ́ tó bá di àsìkò físíìsì, oorun á gbé mi lọ, Fọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ìgúnpá gún mi kí n jí.

Ní táàmù yẹn mo ṣe ìkẹjọ. Mo gbé báàgì. Táàmù tó tẹ̀ lé e, ìkọkàndínlógún. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri. Bàbá mi ò pariwo. Ó kàn wo káàdì náà títí, ó ní, "Àwọn méjìdínlógún yẹn, ṣé gbogbo wọn ló ní orí méjì ni?" Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí wọra. Mo wọ yàrá lọ, mo dojú bo ìrọ̀rí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé mo fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì láì sí ti ipò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí n fi maikirosíkóòpù wo awọ àlùbọ́sà, ńṣe ni wọ́n fà mí kúrò nídìí rẹ̀. Mo fẹ́ di ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n ó ti wá di pé mi ò lè ṣí ìwé láì ronú pé àwọn tó kù ti kà á tán. Kí ni mo tún ń kà á fún? Mo bá kọ lẹ́tà sí tíṣà wa pé kí wọ́n yọ mí kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Bàbá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di Mọ́ńdè, ẹni tó bá sì ti jáde kò lè padà wọlé mọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa. Nísàlẹ̀, mo fi gbólóhùn kan kún un tí kò yẹ kó wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀: "Orí kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì ti rẹ̀ ẹ́."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Fọ́ọ̀sì pa ilé ìwé jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Fúráìdè, tíṣà wa kó ìwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ fún un, torí a ti jókòó pọ̀ rí. Inú bí mi. Ṣé èmi ni ẹrú rẹ̀ ni? Àmọ́ kí n má parọ́, mo fẹ́ lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí àtùpà yẹn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kabawa, lẹ́tà mi wà nínú báàgì.

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀wà ló tọ́ka ilé náà fún mi, ó ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé. Èéfín ló kọ́kọ́ pàdé mi. Wọ́n gé àgbá onírin sí méjì, wọ́n tẹ́ wáyà lé e, wọ́n to ẹja àrọ̀ sórí wáyà, iná ń jó jẹ́jẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀sì jókòó sínú èéfín náà lórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ kan yí ẹja, ó fi ìkejì di ìwé mú. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

Mo ní, "Ibí lo ti ń kàwé?"

"Ibo ni kí n ti kà á? Bí mo bá kúrò níbí, ẹja á jóná."

"Láràárọ̀?"

"Kí n tó wá sílé ìwé. Àǹtí mi ló wá fọwọ́ kan wáyà gbígbóná ní Túsìdè, wọn ò lè yí ẹja, ìyẹn ni mi ò fi wá."

"Àtùpà ńkọ́?"

"Àtùpà wo?"

Àǹtí rẹ̀ ni ó gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ti wà níwájú ilé, tí wọ́n ń bá oníbàárà kan ná ọjà, wọ́n á sọ Nupe díẹ̀, wọ́n á sọ Hausa díẹ̀. Wọ́n wá sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ tó jóná. "Ọ̀kun o," ni wọ́n fi kí mi, bí a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ wa. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Fọ́ọ̀sì ní, "Ọmọ Lokongoma tí mo sọ fún yín nìyí, àǹtí, èyí tó ń ṣe ìkejì."

Obìnrin náà dúró. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n tún yí lọ wẹ̀yìn orí mi.

"Ìwọ nìyí? Ìwọ ni mo fi ń halẹ̀ mọ́ ọmọ yìí! Gbogbo ìgbà ni mò ń bi í pé ọmọ Lokongoma tó ń lé e bọ̀ yẹn, ṣé orí méjì ló ní ni? Áà! Àṣé orí kan náà ni. Kò tiẹ̀ tóbi."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí èéfín fi wọ̀ mí lọ́fun, mo ń wúkọ́, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ìkọkàndínlógún ni mo ṣe!"

Fọ́ọ̀sì ní, "Mo mọ̀. Mo rò pé ò ń díbọ́n ni. Mo ní o fẹ́ kí n fọkàn balẹ̀ ni, kó o tó wá já ipò náà gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé àwa ní tíṣà tó ń wá kọ́ wa nílé bíi tìẹ ni?"

Ara mi fúyẹ́, ẹ gbà mí gbọ́. Mo ti gbé ọmọ yìí lé orí fún ọdún kan gbáko, òun náà gbé mi lé orí. Mo fa àpótí kan, mo bá a yí ẹja. Ó fi ìwé hàn mí, ó ní òun ò lóye bí omi ṣe ń gba ara ewé gòkè. Mo ṣàlàyé rẹ̀, mo fi igi ìdáná ya àwòrán sínú eérú. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ jókòó tì í, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ohun tí mo mọ̀ láì wojú ẹnikẹ́ni bóyá ó ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, àǹtí rẹ̀ ṣa ẹja mẹ́ta fún àwọn òbí mi. Wọ́n ń wá bébà. Mo ṣí báàgì, mo fa lẹ́tà mi yọ, mo ní, "Ẹ gbà, mà. Mi ò lò ó mọ́." Wọ́n fi pọ́n ọn. Ìdùnnú ò jẹ́ kí n ronú. Mi ò rántí ẹni tó máa ń tú ẹja nílé wa.

Mo ti wẹ̀ tán nígbà tí bàbá mi pè mí láti pálọ̀. Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹja wà lórí àwo, bébà ẹja wà lórí itan rẹ̀ níbi tí káàdì mi máa ń wà. Yéè! Mo gbé!

Òróró ti wọ ìdajì lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n báírò kì í tètè parẹ́. Ó fi ìka tọ ìlà ìsàlẹ̀, ó kà á sókè. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo ń dá lóhùn yìí."

Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá mi ló máa ń sọ ọ́ fún mi. Ó máa ń bí mi nínú gan-an." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Èmi náà wá ń sọ ọ́."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé orí àtùpà, ó bo ojú. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti wẹ̀yìn orí mi, ó fọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó yan ẹja yìí ló ń ṣe ìkíní?" Mo ní òun ni, sà. Ó tún jẹ díẹ̀. Ó wá bi mí bóyá kí òun fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má fọwọ́ sí i." Ó fi di egungun ẹja, ó ní kí n lọ dà á nù.

Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Fọ́ọ̀sì ni tíṣà ìṣirò ń kọ́ ní Lokongoma. Nígbà tí táàmù parí, mo gbé káàdì mi fún bàbá mi. Ó wọ awò. Ó gbé àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ lé ibi tí wọ́n kọ ipò sí, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ó ka àwọn iṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bàyọ́lọ́jì yìí gòkè o. Kí lẹ kọ́ níbẹ̀ tó wù ọ́?" Mo sọ ọ́. Mo sọ nípa ẹ̀jẹ̀, mo sọ nípa ọkàn, mo sọ títí ìyá mi fi yọjú láti kíṣìnì. Ó fọwọ́ sí i, àtàǹpàkò rẹ̀ ò kúrò.

Èmi ni mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ìkẹsàn-án ni mo ṣe, sà."

Ó ní, "Ṣé mo bi ọ́ ni? Lọ jẹun."

Mo lọ sí kíṣìnì, mo jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo sì jẹ ẹja méjì.