Àwo Orin Tó Rán Ṣòkòtò Alfa Pa

Irọ́ ni. Rokibat télọ̀ kò bá Alfa Abdulganiyu jà, kò sì rán ṣòkòtò ọkùnrin náà pa torí pé ó fẹ́ fi ṣe ìyàwó kẹta tí kò gbà. Ìlú odídẹrẹ́ ni Ìwó lóòótọ́, ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ a máa tún ohun tó gbọ́ sọ bó ṣe gbọ́ ọ ni, àwa a máa fi iyọ̀ àti ata sí i. Ní Odò-Orí níbí, ẹsẹ̀ ṣòkòtò ni wọ́n ní ó rán pa. Kí ọ̀rọ̀ tó dé Kuta, wọ́n ti ní ó rán ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó máa fi dé Olúpọ̀nnà, ẹnu Alfa gan-an ni wọ́n ní Rokibat rán pa, òwú dúdú ló sì fi rán an, pé ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni ìyàwó rẹ̀ ti ń rọ ẹ̀kọ sí i báyìí. Ẹ ṣáà wo ayé!

Orin ló fà á. Àwo orin tuntun kan báyìí.

Rokibat ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Láti ìgbà tó ti gba fírídọ́ọ̀mù ló ti ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó kan nítòsí Odò-Orí: yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé, jalabíà, àti ṣòkòtò àwọn alfa, èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í kan kókósẹ̀. Ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ ló ń lò. Wọ́n ní kó ra oníná, ó kọ̀. Ó ní ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ èèyàn kò bá sí nínú ẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ò lè mọ ohun tó ń dùn mọ́ni.

Khàdíjàh, ọmọbìnrin rẹ̀, ló kó o sínú ọ̀rọ̀ orin. Nígbà tí ọmọ náà ríṣẹ́ báńkì ní Òṣogbo tó sì kó lọ, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ wáí. Khàdíjàh ní kí ìyá òun má baà máa bá abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀, ó ra íápíìsì fún un, ó sì ń fi àwo orin ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe orin tí gbogbo ayé ti gbọ́ tó ti sú wọn nìkan o. Ó ń fi ti àwọn ọmọ tó ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá ara wọn ránṣẹ́, èyí tí èèyàn á máa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì lábẹ́ ẹ̀. Ó ń fi ti òyìnbó tó ń kọrin bíi pé ọ̀fìnkìn ń ṣe é ránṣẹ́ pẹ̀lú.

Rokibat kì í sọ pé àwo kan gùn tàbí ó kúrú. Ṣòkòtò ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá bẹ̀rẹ̀ àwo pẹ̀lú ṣòkòtò ọmọ ilé-ìwé, iye ṣòkòtò tó bá rán tán kí orin tó parí, iye ẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé fóònù sẹ́nu, yóò sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Òṣogbo.

"Khàdíjàh ọmọ mi, mo gbọ́ ti ọmọbìnrin Èkó tó o fi ránṣẹ́. Àwo ṣòkòtò méjì ni. Ohùn ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó ń kọ ọ́ bí ẹni tó pọn ọmọ tí kò fẹ́ kó jí. Kí ló dé tí kò sọ ọmọ kalẹ̀ kó tó kọrin? Orin kẹta dára fún bọ́tìnì. Orin kẹrin ni mo fi tú ohun tí mo fi orin kẹta rán."

Ti òyìnbó onígìtá kan, ó ní: "Orin mẹ́rìnlá. Ọmọbìnrin kan náà ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ṣé kò ní ẹ̀gbọ́n tó lè bá a sọ̀rọ̀ ni?"

Ti ọmọkùnrin kan tí gbogbo ọ̀dọ́ ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó ní: "Orin méjìdínlógún. Ó fi mẹ́tàdínlógún ṣe fáàrí, ó wá fi ọ̀kan tó kù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kọ́là méje ni mo fi rán. Méjèèje ló wọ́."

Khàdíjàh fi ohùn ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní báńkì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí kọ́sítọ́mà fi ń bínú. Àwọn yẹn náà fi ránṣẹ́ síwájú. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ yunifásítì fi ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù: "Ìyá Télọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwo tuntun tó jáde lánàá yìí, ṣé ká náwó dátà sí i?" Yóò ní, "Ẹ dúró ná, mo ṣì wà ní ìbàdí." Wọ́n á sì dúró lóòótọ́! Ìdí tí wọ́n fi ń dúró ni pé obìnrin náà kì í pọ́nni lásán. Nígbà tí ọmọ àbúrò rẹ̀ gan-an kọrin kan, ohun tó sọ lójú ìyá ọmọ ni pé orin náà dà bí ẹ̀bà tí wọ́n fi omi tútù tẹ̀. Ọdún kan gbáko ni àbúrò ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Alfa ti wọlé rèé.

Alfa Abdulganiyu ní ilé kéú kan lẹ́yìn ọjà. Ismaeel ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún, tó tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ismaeel ra gìtá, ó fi fóòmù dí fèrèsé yàrá rẹ̀, ó sì gba àwo kan tó ní orin mẹ́sàn-án sílẹ̀ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbọ́, ó ní kó di ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n òun ní Ilé-Ogbó, ẹni tó ní oko ẹ̀gẹ́ tí kò lópin. Ọmọ dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí. Ìgbà tí ó sú Alfa ló bá ní:

"Èmi ò mọ orin. Ṣùgbọ́n Rokibat télọ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́ nídìí ẹ̀. Bó bá ní ó dára, mo fún ọ ní ọdún kan. Bó bá ní kò dára, ẹ̀gẹ́ ń retí ẹ."

Ní Ọjọ́rú, Ismaeel gbé àwo náà wá sórí fóònù Rokibat. Ó tún gbé aṣọ funfun kan dání tí wọ́n máa fi rán ṣòkòtò tí bàbá rẹ̀ fẹ́ wọ̀ fi ṣe wáàsí ní Jímọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

"Àánú kẹ̀? Àánú kì í ṣe òwú, mi ò lè fi rán nǹkan. Dìde ńlẹ̀. Ṣé orin yìí ló ń jẹ ẹran ara ẹ ni?"

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Rokibat ti íápíìsì bọ abẹ́ ìbòrí rẹ̀, ó gbé ṣòkòtò bàbá sórí ẹ̀rọ, ó sì ṣí orin ọmọ. Orin kìíní, ohùn ọmọ ń gbọ̀n bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Orin kejì, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Ìkẹta gbé ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò kan, ìkẹrin gbé ìkejì, ìkarùn-ún ò gbé nǹkankan.  Rokibat ti ń rí Ismaeel lókè ebè ní Ilé-Ogbó, ó gbé ọkọ́ dání, ọkọ́ sì sanra jù ú lọ.

Ni orin kẹfà bá wọlé. Kò ní ìlù gidi. Omi ló ń dà kúrò nínú bútà, bí ìgbà tí bàbá kan ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀. Lẹ́yìn náà, ìkọ́: hùn-ún, hùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò, kò, kò. Orí èyí ni gìtá gùn. Ọmọ ń kọ ọ́ pé bàbá òun kì í kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹrin láéláé, pé òun a máa sùn sílẹ̀, òun a máa dúró de ẹ̀ẹ̀kẹrin, pé lọ́jọ́ tí òun ò bá gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn mọ́, ta ni yóò jí òun?

Ẹsẹ̀ Rokibat gba orin náà lọ́wọ́ etí rẹ̀. Kò, kò, kò ni ẹsẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó dá a padà. Ó tún dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gbọ́ ọ. Nígbà tó jí padà sáyé, ṣòkòtò ti parí, ó gé òwú, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó dì í sínú ọ̀rá. Kò wo ẹnu rẹ̀. Ta ní í wo ẹnu ṣòkòtò tí òun fúnra òun rán?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alfa wẹ̀, ó fi lọ́fínńdà sára, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ṣòkòtò. Ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ò jáde. Ó tì í. Ọmọ ìka ń wá ọ̀nà nínú ibẹ̀ bí eku nínú àpò. Ó rò pé aṣọ ló ká kò, ó ti tòsì náà bọ̀ ọ́ kó lè rí agbára fi tì í. Bó ṣe di pé Alfa ń fò kiri pálọ̀ nìyẹn, tó! tó! tó!, tó ń pe orúkọ Ọlọ́run, títí ó fi wó lé tìmùtìmù. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé, ó wò ó, ó sì sáré jáde padà, torí kò bójú mu kí obìnrin fi ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lójú ẹ̀. Ṣòkòtò àtijọ́ ni Alfa wọ̀ lọ ṣe wáàsí.

Bí wọ́n ṣe kírun tán, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ tààrà, ó gbé ṣòkòtò funfun kọ́ èjìká. Ismaeel ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti rọ. Mùrí ọlọ́kadà, tí kì í jẹ́ kí ìran kọjá òun, páàkì ọ̀kadà rẹ̀.

"Ìyá Khàdíjàh, kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ káàsán, Alfa. Ẹ fìdí lé àga."

"Ìdí wo? Ìdí tó o fẹ́ fi bọ àpò yìí?"

"Alfa, ẹ má jẹ́ kó tú u o!" Mùrí ké láti orí ọ̀kadà. "Ẹ lè fi kó ẹ̀gẹ́ Ilé-Ogbó, àpò méjì ni!"

Rokibat gba ṣòkòtò, ó wo ẹnu rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì, pa! Láti ọdún tó ti ń ránṣọ, kò tíì rán ohun tó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.  Àwọn èèyàn ti ń kóra jọ, àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ méjì sì wà níbẹ̀.

"Orin Ismaeel ni mo ń gbọ́," ni Rokibat wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Oorun ni orin ẹ̀ kùn ọ́. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ismaeel, ọjọ́ Ajé."

Ẹ wá wo ibi tí obìnrin náà há sí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, orin burúkú ló kun òun lóorun, orúkọ rẹ̀ mọ́, ẹ̀gẹ́ gba ọmọ. Bó bá ní orin náà dára, a jẹ́ pé ojú òun ló là sílẹ̀ kedere tí òun fi ba aṣọ aláṣọ jẹ́. Ta ni yóò tún gbé aṣọ fún irú télọ̀ bẹ́ẹ̀? Ó wo kọ́sítọ́mà méjèèjì. Ó wo Ismaeel, tó ń wo ilẹ̀.

"Alfa, mi ò sùn," ó ní. "Orin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́, kí ó lọ tún wọn kọ. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, mi ò tíì gbọ́, torí mi ò lè kúrò lórí ìkẹfà. Ìkẹfà dára. Òun ló rán ṣòkòtò yín. Èmi kàn jókòó síbẹ̀ ni."

"O fẹ́ gba ọmọ yìí sílẹ̀ ni."

"Ẹ mú etí yín wá."

Ó ti íápíìsì kan bọ Alfa létí lábẹ́ fìlà, ó fi ìkejì sí tirẹ̀. Wáyà so àwọn méjèèjì pọ̀ bí ewúrẹ́ méjì lórí okùn kan. Omi dà nínú bútà. Alfa wo ọ̀ọ́kán. Ìkọ́ wọlé.

"Ìkọ́ ta nìyẹn?"

"Tiyín ni."

"Ó gba ìkọ́ mi sílẹ̀ láìtọrọ?"

"Alfa ti di olórin!" Mùrí ń pàtẹ́wọ́.

Ilẹ̀kùn dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Alfa fi ọwọ́ tẹ íápíìsì mọ́ etí títí orin fi parí. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ṣé kí n gbọ́ ọ yé. Gbogbo ọdún tí mo fi ń kan ilẹ̀kùn fún àsùbáà, o ti jí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"O kàn ń gbọ́ mi?"

"Ó ń dùn mọ́ mi ni, bàbá."

Alfa húkọ́, hùn-ún, hùn-ún, gẹ́lẹ́ bí ti inú orin, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rokibat tún un ṣí, kí òun lè mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún un ṣí. Ó ní ibẹ̀ ò tíì yé òun dáadáa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní:

"Ọdún kan. Ọdún kan péré. Àti pé láti ọ̀la lọ, bí mo bá ti kan ilẹ̀kùn, ní kò àkọ́kọ́, kí n gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ nílẹ̀."

Ismaeel dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àjákù aṣọ. Rokibat gbé abẹ, ó yọ íápíìsì létí tirẹ̀, ó jókòó láti tú ẹnu ṣòkòtò. Alfa fi íápíìsì méjèèjì sí etí, ó di fóònù mú, ó ní kí obìnrin náà má baà tún gbọ́ ọ ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀, kò, kò, kò. Bó ṣe ń kan ilẹ̀ ló ń sún díẹ̀díẹ̀, ló bá yí padà, ló bá gbọ̀nà ilé lọ.

"Alfa! Ṣòkòtò yín! Fóònù mi!"

Kò gbọ́. Mùrí ló fi ọ̀kadà lé e bá.

Ní ti àwọn kọ́sítọ́mà, ẹnìkan ò sá. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì kì í béèrè iye ṣòkòtò mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè báyìí ni pé, "Ìyá Télọ̀, ṣé àwo yìí lè rán ẹnu pa?" Yóò mi orí: "Rárá o, kò tíì dé ibẹ̀."

Nígbà tó sọ gbogbo èyí tán fún mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ń rẹ́ ilá sínú abọ́ torí kí ọwọ́ mi má ṣófo. Mo ní kó jẹ́ kí èmi náà gbọ́ orin kẹfà yìí. Ó nawọ́ fóònù sí mi, ó wo ilá, ó wo ìka mi, ó sì fà á padà.

"Kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀ ná."