Fèrè Olùsáré Nínú Oko Kòkó

Nígbà ogun abẹ́lé ni mo jáde yunifásítì, tí mo sì kúrò nílé wa ní Òṣogbo lọ ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Iléṣà. Lọ́dọọdún, àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá eré ọ̀nà jíjìn kan gba inú igbó àti oko kòkó. Olùkọ́ eré ìdárayá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbéra láìní ìgò omi, báńdéèjì, àti fèrè tí a fi okùn kọ́ sọ́rùn.

Omi yé mi. Báńdéèjì yé mi díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa bí a ṣe ń wé e. Fèrè ni mo bèèrè ìdí rẹ̀.

"Bí ẹ bá fara pa, ẹ fọn ọ́n," ni olùkọ́ náà wí. "Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò sáré."

"Ṣé ẹ ti dán an wò rí?"

"Ẹ̀yin oníwèé wọ̀nyí, bí ikú bá dé, ẹ ó ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ kọ́ fèrè yín sọ́rùn, jàre."

Mo kọ́ ọ. Nínú oko kòkó kan tó jìnnà sí títì, ewé gbígbẹ bo ihò òkété mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wọ inú rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ sì yí. Mi ò lè dìde. Ẹ̀yìn ni mo wà tẹ́lẹ̀, gbogbo àwọn yòókù ti lọ, oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá mi níbẹ̀, mi ò rí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni yóò fi mọ ibi tí mo wà.

Àmọ́ mò ń gbọ́ àwọn ọkùnrin tí ń fọ́ kòkó nítòsí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fọn fèrè.

Ẹ̀rín dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìró ẹsẹ̀. Mo fetí sí i dáadáa: ó ń jìnnà ni. Mo tún fọn ọ́n, ó tún jìnnà sí i. Mi ò lè sọ pé olùkọ́ wa purọ́. Ó ní wọn yóò sáré. Kò sọ ìhà ibi tí wọn yóò sá sí.

Ìyá arúgbó kan ló yọ láàárín igi kòkó, tòun ti àdá.

"Agbowó-orí," ó pè mí, "àwọn ọlọ́pàá rẹ dà?"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Láyé ìgbà náà, agbowó-orí a máa kó ọlọ́pàá wọ oko, fèrè wọn sì ni ọkùnrin tí kò ní rìsíìtì kọ́kọ́ máa ń gbọ́ kó tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ìyá, tíṣà ni mí. Eré ni à ń sá."

"Ta ló ń lé yín?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Ó wo ṣòkòtò péńpé mi, ó wo ẹsẹ̀ tó ti wú. Ó kọjú sí igbó, ó sì ké: "Ẹ máa bọ̀. Itan rẹ̀ ò nípọn tó ti agbowó-orí."

Àwọn méjì padà wá. Ọ̀kan pọ̀n mí. Èkejì ń tẹ̀lé wa, ó ń kùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí léèrè dáadáa. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì nígbà tí wọ́n rí awakọ̀ ilé-ìwé wa tó dúró ti lọ́rì. Ẹni tó pọ̀n mí rọra sọ̀ mí kalẹ̀ sínú koríko.

"Tíṣà, ibi tí agbára wa mọ nìyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀. Awakọ̀ wa ni."

"Kákí ló wọ̀. Ẹ máa rá lọ, a ó máa wò yín."

Wọ́n sì ń wò mí lóòótọ́. Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ àti orúnkún rá lọ sí títì, mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mi nínú igbó: "Ẹ rọra o, Tíṣà. Ẹ gba apá ọ̀tún, ẹ̀gún wà lápá òsì yẹn."