Àǹtí Oníkúlà

Bí mo bá ti rí kúlà, àǹtí kan tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Nílé ìwòsàn kan l'Ájáh, àǹtí náà gba kókó jẹjẹrẹ tí àwọn dókítà gé lára màmá mi sínú kúlà, torí irú rẹ̀ ò wọ́pọ̀, Màmá sì ti yọ̀ǹda rẹ̀. Dírẹ́bà tó wá gbé wọn ní kí wọ́n gbé kúlà sí búùtù. Àǹtí gbé e lé itan bí ọmọ, wọ́n ní, "Ẹran ara èèyàn kì í ṣe ẹrù."

Tó bá ti di Iléyá, wọ́n á pè: "Ẹ kú ọdún, Màmá. Ohun tẹ́ ẹ fún wa ṣì wà láàyè, ó ń dàgbà nínú ìgò ní yàrá ìwádìí wa."

Màmá á rẹ́rìn-ín: "Ẹ bá mi kí i."

Iléyá tó kọjá, èmi ni mo gbé fóònù náà. Mo ní a ti sin Màmá. Àǹtí sunkún, wọ́n wá ní, "Ohun tí wọ́n fún wa ṣì wà láàyè o."

Kókó tó pa ìyá mi! Mo fẹ́ bú wọn. Àmọ́ ara ìyá mi ni, òun nìkan ló sì kù lókè eèpẹ̀.

"Ẹ bá mi kí i," ni mo wí.

Títí dòní, mi ò mọ ẹni tí mo ní kí wọ́n kí.