Màmá Pẹ́ńsùlù àti Ẹẹ́ta Tí Mo Fi Báírò Kọ

Nígbà tèmi, ẹni tó bá fẹ́ lọ kàwé lókè òkun láti ẹ̀ka ọrọ̀ ajé wa, àfi kó gba iwájú Màmá Pẹ́ńsùlù kọjá. Kì í ṣe olùkọ́, kì í sì í ṣe ọ̀gá. Akọ̀wé ni. Yàrá rẹ̀ ni èkejì lápá ọ̀tún téèyàn bá gun àtẹ̀gùn tán: fèrèsé kan, kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì mẹ́rin, àti àga onígi kan fún àlejò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó mọ̀ pé ó kúrú. Káfíńtà fẹ́ bá a tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ̀, ó ní ẹni tí ara bá tù jù níwájú òun kì í ka fọ́ọ̀mù dáadáa.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyí. Tó o bá wá gba fọ́ọ̀mù, ó máa fún ọ ní pẹ́ńsùlù kúkurú kan mọ́ ọn, èyí tó fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́nu. Wàá jókòó sórí àga tó ń mì yẹn, wàá fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo rẹ̀, wàá wá kà á sókè fún un látòkè délẹ̀. Bó o ṣe ń kà á lòun náà á máa fi rúlà tẹ̀ lé e lábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Tó o bá kà á tán, á gbà á lọ́wọ́ rẹ, á tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, á ní, "Lọ sùn. Ọ̀la ni báírò." Ọjọ́ kejì lo tó máa padà wá fi báírò tọ ohun tó o kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú u títí. Wọ́n ní ó kàn fẹ́ràn kó máa dá èèyàn dúró ni, pé fọ́ọ̀mù tí ẹlòmíì ń gbà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì. Kí n má parọ́, mo wà lára àwọn tó bú u jù.

Ilé-ìwé mẹ́ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù lọ́dún tiwa. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ jẹ́ ti ọdún kan gbáko. Pàṣípààrọ̀ ni: ọmọ tiwọn kan á wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ tiwa kan á lọ sọ́dọ̀ wọn, owó ilé-ìwé tó ò ń san nílé náà lo máa san, gbogbo ìdánwò tó o bá sì yege lọ́hùn-ún, wọ́n á kà á mọ́ tilé. Èkejì jẹ́ ti oṣù mẹ́rin, àmọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, n kò gbọ́ ju ìkíni àárọ̀ lọ nínú rẹ̀. Ìkẹyìn ni ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lásìkò ìsinmi. Èèyàn á lọ, á ya fọ́tò, á bọ̀. Ti ọdún kan ni mo fẹ́. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń ṣèwádìí lórí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ìdí tí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan fi ń pẹ́ láyé tí òmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi ń kógbá sílé. Mo ti ka ìwé rẹ̀ kan ní ilé ìkàwé wa títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya, tí wọ́n fi ní kí n lọ lẹ̀ ẹ́. Àyè ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni bàbá mi. Ṣúmékà ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú, ilé wa wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn kan ló là wọ́n láàárín. Ìyá mi ti ṣaláìsí lọ́dún mẹ́ta ṣáájú, èmi nìkan sì lọmọ. Látìgbà náà, àwa méjèèjì la jọ ń jẹun, a jọ ń dákẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ òkè òkun fún un, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo sọ. Mo rí i tó ń fi ìka kà á lábẹ́ tábìlì. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pọ̀," ló wí, ó sì bá ìṣó tó ń kàn lọ. Ta ló máa wá sọ ti oṣù méjìlá lẹ́yìn ìyẹn? Mo ní kí n kọ́kọ́ rí àyè náà gbà ná, mo máa wá ẹnu tí mo máa fi sọ ọ́ tó bá yá.

Ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, mo gun àtẹ̀gùn dé ẹnu ọ̀nà Màmá Pẹ́ńsùlù, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó ti lọ yọ eyín. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ara ilẹ̀kùn pé kí a mú fọ́ọ̀mù nínú páálí tó wà nílẹ̀, kí a kọ ọ́, kí a sì tì í gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ ò rí i pé orí bá mi ṣe é, mo rò bẹ́ẹ̀: kò sí pẹ́ńsùlù, kò sí àga tó ń mì, kò sí lọ sùn. Mo gbé fọ́ọ̀mù lé ara ògiri, mo fa báírò yọ. Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí a kọ oókan sí ẹẹ́ta síbẹ̀ bí a bá ṣe fẹ́ wọn sí. Kíláàsì sì ni mo ti ń bọ̀ láàárọ̀ yẹn, níbi tí olùkọ́ wa ti fi odidi wákàtí méjì kọ́ wa pé tí nǹkan bá wà níwájú èèyàn láti yàn, kó fún èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn jù ní nọ́ńbà tó tóbi jù. Mo kọ ẹẹ́ta sí ti ọdún kan, eéjì sí ti oṣù mẹ́rin, oókan sí ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ká lẹ́tà àlàyé ojú ìwé méjì tí mo ti kọ sílẹ̀ nílé mọ́ ọn, mo tì í wọlé, mo sì ń súfèé sọ̀kalẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń bá bàbá mi to bàtà àwọn oníbàárà, ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Pẹ́ńsùlù ni, pẹ̀lú àpò lápá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú bí ẹni fi ẹyin há ẹnu. Ilé wa àtijọ́ ló wà nínú fáìlì mi. Ó ti débẹ̀, wọ́n ní a ti kó, ló bá ń rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń béèrè ṣúmékà tó ní ọmọbìnrin kan tó ń ka ọrọ̀ ajé. Akọ̀wé ẹ̀ka kì í wá sílé ẹni nítorí oore.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ló wí.

Bàbá mi dìde, ó nu àpótí ìjókòó fún un. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ṣé bàtà yín lẹ gbé wá ni?"

"Kò sóhun tó ṣe bàtà mi. Ọmọ yín ni mo wá bá." Ó yọ fọ́ọ̀mù mi jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì láàárín àwọn ìṣó. "Ọ̀la láago mẹ́sàn-án ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Ohun tí báírò bá ti kọ, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ni ín ló máa fà á, kó fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí kan náà fọwọ́ sí i. Wò ó dáadáa. Èwo lo kọ oókan sí?"

"Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Màmá."

"Èwo lo fẹ́ jù?"

Òòlù bàbá mi, tó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, dúró. Mo lè sọ pé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ohun tó wà lórí fọ́ọ̀mù nìyẹn, ohun tí mo sọ fún bàbá mi náà nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ ì bá bára mu, Màmá ì bá ká fọ́ọ̀mù rẹ̀, kó máa lọ, èmi náà ì bá lọ ya fọ́tò. Irọ́ náà ti dé ètè mi. Àmọ́ òótọ́ ló jáde.

"Ti ọdún kan ni."

"Sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ti dí mi létí."

"Ti ọdún kan, Màmá. Òun ni mo fẹ́ jù."

"Oókan lèèyàn ń kọ sí èyí tó bá fẹ́ jù. Kí ló wá dé tó o fi kọ ẹẹ́ta sí i?"

Mo ṣàlàyé ẹ̀kọ́ olùkọ́ wa fún un. Ó fọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, nítorí ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹ̀rín sì ń dun ún. "Ọdọọdún," ló wí. "Ọdọọdún lẹ̀yin ọmọ ọrọ̀ ajé máa ń ṣe é. Àwọn tó ń kọ́ ìtàn kì í ṣe é, àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ewéko kì í ṣe é. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n yìí nìkan ni. Kí lẹ rò pé mo ṣe ń fún yín ní pẹ́ńsùlù?"

Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Gbogbo bí a ṣe ń bú u yẹn, òun ló ń kó wa yọ.

Bàbá mi ló sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. "Ọdún kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Màmá ló kọjú sí. "Ṣé ibi tó dáa ni, Màmá?"

"Ó dáa, Bàbá. Lẹ́tà tó kọ sí wọn, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí ló kún inú rẹ̀."

"Ṣọ́ọ̀bù wo?"

"Èyí tí a jókòó sí yìí."

Bàbá mi wo ògiri yí ká, ó wo àwọn bàtà tí mo tò, ó ní kí n kà á fún òun. Mo kà á lórí ìdúró. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mi kì í jẹ́ kí oníbàárà gbé bàtà lọ láì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ rìn dé ẹnu ọ̀nà kó sì padà; pé ṣúmékà mẹ́rin ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà wa, tí wọ́n sì ti tì í, àmọ́ tiwa ṣì wà; pé mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ débi tí mo fi lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fò. Ìyẹn ni ibi tí mo ti kọ ọ́ pé n kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún bàbá mi. Màmá ń wo bébà náà láti ẹ̀gbẹ́ mi, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà bí rúlà. Nígbà tí mo fò ó, ìka rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì ń bá a lọ.

Nígbà tí mo kà á tán, bàbá mi nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Kọ oókan síbẹ̀ dáadáa," ló wí. "Kó hàn."

Mo fa ẹẹ́ta, mo kọ oókan, mo fọwọ́ sí i. Màmá na báírò sí bàbá mi pé kó ṣe ẹlẹ́rìí. Ó fọwọ́ sí i, àmọ́ pólíṣì dúdú kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ igun fọ́ọ̀mù náà. Mo rò pé Màmá máa pariwo, obìnrin tó lè dá fọ́ọ̀mù padà nítorí pé ó ká ní etí. Ó kàn fi fọ́ọ̀mù náà sínú àpò rẹ̀. Ó fẹ́ dìde ni bàbá mi ní kó bọ́ bàtà rẹ̀. Gìgísẹ̀ tòsì ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ìrìn tó rìn lọ́jọ́ náà. Ó kan òmíràn sí i, ó ní kó rìn dé ẹnu ọ̀nà kó padà, kò sì gba kọ́bọ̀.

Èmi ni wọ́n fún ní àyè náà. Mo lo ọdún kan lọ́hùn-ún, mo jókòó ti olùkọ́ tí mo fẹ́ràn ìwé rẹ̀, mo kọ̀wé tèmi lórí àwọn ṣúmékà, mo sì padà sílé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe báyìí, ní ẹ̀ka kan náà, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn tó ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Màmá Pẹ́ńsùlù fẹ̀yìn tì, mo lọ bá a palẹ̀ yàrá mọ́. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù kẹta ni mo ti rí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún tiwa. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, mo tún un wò. Ìgbìmọ̀ kò jókòó lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, tó lè fi ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì láàárọ̀ èyíkéyìí.

Mo gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ ní ọ̀la láago mẹ́sàn-án."

Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó fi rúlà sábẹ́ ìlà náà, ó kà á. "Pẹ́ńsùlù ni mo fi sọ ìyẹn," ló wí.

N kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ti ìwé náà dé. "O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé o ò rẹ́nu sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Mo mọ̀ pé tí mo bá fún ọ láyè, wàá tún wá irọ́ mìíràn. Ọmọ tó bá sá jáde nílé, ilé ló máa máa rò lọ́hùn-ún, kò ní kàwé. Mo ní kí n wá béèrè rẹ̀ níbi tí bàbá rẹ máa ti gbọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ yàrá yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdúpẹ́ tó ti pẹ́ lọ́rùn mi. Ó fà mí dìde. "Èmi kàn béèrè ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó fọwọ́ sí i ńkọ́, ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

N kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀bùn ni mo máa ń rà fún bàbá mi, mo ti kun ṣọ́ọ̀bù náà fún un, mo ti ra ẹ̀rọ ìránbàtà, àmọ́ n kò fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti ibẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ti gbé àga sún mọ́ ẹnu ọ̀nà nítorí ìmọ́lẹ̀, ó ń fi pólíṣì kun bàtà kan.

"Bàbá," mo ní, "mo wá dúpẹ́."

"Ti kí ni?"

"Ti ọdún kan yẹn."

Ó ń kun bàtà lọ, ó ṣe tiwájú, ó ṣe ti ẹ̀gbẹ́. Mo ti ń rò pé kò gbọ́ mi nígbà tó gbé bàtà náà sílẹ̀.

"Ó gùn díẹ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá gìgísẹ̀ tí òun kàn sí bàtà Màmá yẹn ṣì wà níbẹ̀.