Ọ̀nà ni àbí Ẹnu Ọ̀nà

Láti Mowe títí a fi dé Ifọ̀ lọ́jọ́ náà, tẹ̀súbáà ni ìyá mi ń fà nínú mọ́tò. Ètè rẹ̀ ń mì. Inú ń bí mi. À ń lọ bi Ààfáà bóyá ìyá mi lè dárí ji ọmọ tó pa ẹ̀gbọ́n mi.

Ọlọ́ṣà méjì ló tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi láti Ibafo nírọ̀lẹ́ kan, torí ọ̀kadà tó ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ó ti délé, ó ti sọ̀ kalẹ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn ni wọ́n yìnbọn fún un, tí wọ́n gbé ọ̀kadà lọ. Ọlọ́pàá mú ọ̀kan, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ló yìnbọn. Láti ìgbà náà ni ìyá ọmọ yẹn ti ń wá láti Àgbàdo, tó ń kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Kóòtù ìjọba kì í bi ẹbí òkú bóyá wọ́n ti dárí jì, obìnrin náà sì mọ̀. Ó ní ti ọ̀run ni òun ń bẹ̀ fún. Ìyá mi ti sọ fún un pé kó wá gbèsì lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí a lọ Ifọ̀ yìí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì mọ ìyá mi: ẹni tó bá ti kúnlẹ̀ fún un ti borí. Wàlláhì, mi ò fẹ́ kó dárí jì í. Ẹ̀rù ń bà mí pé ohun tó fẹ́ lọ gbàṣẹ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó ń ròyìn fún Ààfáà, ẹkún ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n tẹ̀ lé e láti Ibafo... ẹnu ọ̀nà ni wọ́n pa á sí."

Ààfáà mirí. "Dánàdánà nìyẹn. Olè tó bá pààyàn nínú ilé, ẹbí òkú lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n dánàdánà tó bá pààyàn, ẹbí ò láṣẹ, torí ọ̀nà kì í ṣe ti ẹnì kan, gbogbo èèyàn ló ṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn sí i o, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé kéú nìyẹn. Ìyá, kò sí lọ́wọ́ yín."

Inú mi dùn débi pé ojú tì mí. Ìyá mi mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ ni àbí ọ̀nà àdúgbò?" Ààfáà béèrè.

"Rárá o. Ẹnu ọ̀nà wa ni. Ibi tí a ń bọ́ bàtà sí."

Ààfáà jókòó dáadáa. "Ẹnu ọ̀nà ilé? Ojú ọ̀nà ni mo gbọ́ o! Ẹnu ọ̀nà ilé kì í ṣe ọ̀nà, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti dánàdánà. Ọwọ́ yín ló wà. Ẹ lè dárí jì í, ẹ sì lè sọ pé ẹ ò dárí jì í."

Orí mi gbóná. Mo wo ìyá mi, mo ń retí ọpẹ́ lẹ́nu rẹ̀, àṣẹ tó wá gbà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀.

"Ààfáà, ẹ dákun," ó ní, "ẹ bá mi pè é ní ọ̀nà. Tí obìnrin yẹn bá kúnlẹ̀ lọ́la, kí ni màá wí? Mi ò tíì lè dárí ji ọmọ rẹ̀."